Oúnjẹ Tí Ìyá Súnì Sè fún Ìyá Mi

Ọ̀sẹ̀ tí a dé Kòríà ni mo kọ́kọ́ rí omi tó le bí òkúta. Mo jí láàárọ̀, mo lọ sídìí àmù tó wà lẹ́yìn ilé, mo ki igbá bọ̀ ọ́, igbá ró gbà. Mo tún un kì, ó tún ró gbà. Mo yọjú wo inú àmù, mo rí òjìji ara mi, ṣùgbọ́n omi kò mì. Mo sáré wọlé lọ bá Ìyáàfin. Mo ní kó jọ̀wọ́ wá wò ó, omi ti kú.

Ìyáàfin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ń rò ni pé níbi tí omi bá ti ń kú, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún èèyàn?

Ọmọ Ìwó ni mí. Irú ni ìyá mi ń ṣe, wọ́n sì fi tọ́ gbogbo wa. Kuta ni wọ́n fi mí fọ́kọ sí. Ọkọ mi kú ní kékeré, kò sì pẹ́ tí ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí fún un tẹ̀ lé e. Àwọn ará ilé ọkọ ní kí n jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ṣú mi lópó. Èèyàn dáadáa ni àbúrò rẹ̀ yẹn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ìgbàkígbà tí mo bá wo ojú rẹ̀, ojú ọkọ mi ni mo ń rí. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìwó.

Nígbà náà, reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá lọ́dọ̀ wa ni. Òyìnbó oníṣègùn kan tí àwọn oníwàásù rán wá ń gbé nílùú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Dókítà là ń pe ọkọ, Ìyáàfin là ń pe ìyàwó. Ìyáàfin bímọ ọkùnrin, ara rẹ̀ kò sì tètè yá, wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò máa gbé ọmọ. Mo pọn ọmọ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sùn. Bí mo ṣe di olùtọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi ló sọ ọ́ ní Àkànní, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára débi pé ìyá tó bí i gan-an máa ń fi pè é.

Nígbà tí àwọn tó rán Dókítà níṣẹ́ ní kó máa lọ sí Kòríà, Ìyáàfin bẹ̀ mí kí n bá wọn lọ, nítorí Àkànní kì í gbà kí ẹlòmíì gbé òun. Mo lọ bá ìyá mi nídìí iná irú.

“Ṣé o fẹ́ lọ?” ni wọ́n bi mí.

“Mi ò mọ̀, Ìyá.”

“Ṣé o fẹ́ dúró?”

“Rárá, Ìyá.”

“O ti mọ̀ nìyẹn. Máa lọ. Ṣùgbọ́n má sọ ibẹ̀ dilé o.”

Mi ò ní sọ ti ọkọ̀ ojú omi, nítorí mo bì láti ọjọ́ tí a wọ̀ ọ́ títí dọjọ́ tí a bọ́ sílẹ̀. Ìlú èbúté la dé sí. Ilé wa wà lórí òkè, àwọn ilé onílé koríko wà nísàlẹ̀, òkun wà lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ mi ò le: kí n wẹ ọmọ, kí n fọ aṣọ rẹ̀, kí n máa pọ̀n ọ́n kiri. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo kọ́ ní Ìwó ni mo ń bá wọn sọ.

Oúnjẹ ló fẹ́ ṣe mí léṣe. Búrẹ́dì àti ànàmọ́ òyìnbó, pẹ̀lú ẹran tí wọ́n fi omi àti iyọ̀ bọ̀. Wọ́n ń fún mi ní ànító, mi ò lè sọ pé ebi ń pa mí. Ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń lo oògùn. Èmi nìkan ni mo ń jẹun nídìí ààrò, ẹ̀yìn mi kọ sí ilẹ̀kùn. Aṣọ tí Ìyáàfin rán fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù mí lọ. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí àìsàn kankan lára mi.

Tí mo bá jáde, èrò á máa tẹ̀ lé mi. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan tọ́ ìka rẹ̀ lá, ó fi ra apá mi láti mọ̀ bóyá dúdú náà á ṣí. Mo gba ọwọ́ tirẹ̀ náà, mo tọ́ ìka mi lá, mo ra á. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Ẹ̀rín yẹn ṣe mí láǹfààní ju ọ̀pọ̀ oúnjẹ lọ.

Nǹkan mìíràn wà tó tù mí nínú. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pọn ọmọ sẹ́yìn! Wọ́n ń fi aṣọ gbá wọn mọ́ra bí a ti ń ṣe é, wọ́n tún ń ru ẹrù lórí láìfọwọ́ dì í mú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá gbọ́ ìró igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ kó lè dán, po-po-po, po-po-po, àfi bí àwọn tó ń lu aṣọ ẹtù lágbo ilé wa. Bí mo bá di ojú, ó máa ń dà bíi pé mo lè dìde kí n lọ bá wọn níta. Mo bá la ojú, yìnyín ló wà níta.

Ìyáàfin ló máa ń bá mi kọ̀wé sílé. Olùkọ́ ìjọ ní Ìwó á kà á fún ìyá mi, á sì kọ èsì wọn. Ìyá mi tí kì í ṣe onígbàgbọ́ máa ń jókòó sí ilé olùkọ́ bí ẹni jókòó sáàfin. Ó máa ń pẹ́ gan-an kí èsì tó dé. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: “Ẹ bá mi bi í bóyá ó ń jẹun. Kó má purọ́ fún mi o.” Mo máa ń ní mò ń jẹun. Irọ́ ni mo ń pa.

Obìnrin kan ló ń dáná fún wa. Opó ni, ó ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Súnì, kò sì sẹ́ni tó ń pe òun alára lórúkọ. Ìyá Súnì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, nítorí ní ilẹ̀ wọn, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe ìyá, bíi tiwa. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n bi mí pé kí lorúkọ ọmọ mi.

“Ọmọ mi ti kú, Ìyá Súnì.”

“Mo gbọ́. Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Ayọ̀délé.”

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu títí ó fi jọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Ayọ̀délé ni wọ́n ń pè mí. Nílé wa, ẹnikẹ́ni ò ní pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n má baà tún ọgbẹ́ dá sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo sá wọ yàrá. Nígbà tó yá, mo ń retí rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Súnì ti ìsàlẹ̀ òkè dé, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Òórùn kan ta sí mi nímú. Mo fi Àkànní sílẹ̀ lórí ẹní, mo lọ dì mọ́ apá aṣọ wọn, mo fi imú sí i. Ojú tì wọ́n.

“Jọ̀ọ́, má sọ fún Ìyáàfin,” ni wọ́n wí. “Ó ti ní òun ò fẹ́ òórùn yìí nínú ilé. Mo rò pé mo ti pààrọ̀ aṣọ tán ni.”

“Irú!” ni mo pariwo. “Irú ni! Ẹ̀yin náà ń ṣe irú!” Ẹkún gbọ̀n mí.

Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ irú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹkún. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a ti jáde ní ìsìn, wọ́n mú mi lọ sí ilé wọn.

Ilé kékeré ni. A bọ́ bàtà síta. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ilẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ lábẹ́ ẹní, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti dé, egungun mi rọ̀. Ìyá Súnì ṣí aṣọ tó nípọn lórí apẹ̀rẹ̀ kan ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀wà kékeré roboto ni wọ́n ti sè, tí wọ́n wá fi aṣọ bò níbi tó móoru títí ó fi ń fà bí ilá. Ẹ̀wà yẹn yàtọ̀ sí irúgbá tiwa, àmọ́ ohun tí ọwọ́ ìyá mi ń ṣe gan-an ni ọwọ́ wọn ṣe. Wọ́n fi se ọbẹ̀, wọ́n bu ìrẹsì, wọ́n gbé ewébẹ̀ kan kalẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata rẹ sínú ìkòkò títí ó fi kan. Kímúṣì ni wọ́n ń pè é. Ata! Mi ò fi ẹnu kan ata láti Ìwó. Mo jẹun títí òógùn fi bò mí lójú. Mo jẹ ẹ́ tán, mo wo inú àwo. Ìyá Súnì ṣáà ń bù sí i.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń lọ, mo sì máa ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu kí n tó gun òkè padà, kí Ìyáàfin má baà gbọ́ òórùn lẹ́nu mi.

Ní àsìkò tí wọ́n kórè àlìkámà, Ìyá Súnì po ìyẹ̀fun, wọ́n fi igi roboto tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n ká a bí ẹní, wọ́n wá fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́. Bí wọ́n ṣe gbọ̀n ọ́n, ó di okùn gígùn gígùn. Gúkúsù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n jù ú sínú omi ìṣáwùrú tó ń hó, wọ́n fi elégédé sí i. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Mo bá a jìjàkadì. Bí mo bá gbé e, á yọ̀ bọ́ sílẹ̀, bí mo bá tún gbé e, á yọ̀ bọ́. Súnì dùbúlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn mo rí ọ̀kan mú, mo ń rọra jẹ ẹ́ láìpariwo bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

“Ṣé kò dùn ni?” Ìyá Súnì bi mí, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì.

“Ó dùn, Ìyá Súnì.”

“Fà á, kí n gbọ́!”

Ìyá mi ìbá ti gbá mi lẹ́nu tí mo bá jẹun báyẹn níwájú àgbà. Mo fà á, ó dún ṣìrììì, omi ọbẹ̀ ta sí mi nímú. Inú Ìyá Súnì dùn.

Nígbà tí òtútù tún dé, wọ́n ṣe gúkúsù mìíràn, èyí tó dúdú díẹ̀, wọ́n fi igi ńlá kan tó níhò lábẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde sínú omi gbígbóná. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n wá lọ bu omi kímúṣì nínú ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Yìnyín léfòó lórí rẹ̀. Wọ́n dà á sórí gúkúsù, wọ́n gbé e fún mi.

“Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Nínú òtútù yìí?”

“Ẹni tí òtútù ń lé, tó bá yíjú padà sí i, òtútù á sá,” ni Ìyá Súnì wí. “Jẹ ẹ́.”

Eyín ro mí, orí mi fọ́, ìdí mi gbóná lórí ilẹ̀ oníná. Mo fi àwo sílẹ̀, mo tún gbé e. Títí dòní, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, ọ̀fun mi a máa bèèrè oúnjẹ yẹn.

Mo kọ́ bí a ti ń gé e. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Súnì gbé èyí tí mo gé fún bàbá kan ní ìtòsí tí kì í yin nǹkan kan láyé. Wọn ò sọ ẹni tó gé e. Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n tún bù wá. Mo fọ́nnu fún Àkànní ní gbogbo ọ̀nà òkè, lédè Yorùbá, kò sẹ́ni mìíràn tí mo lè fọ́nnu fún tó máa gbọ́ ọ.

Mo máa ń rò ó nígbà yẹn pé èwo gan-an ni mo jẹ́. Lórí òkè, mo jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń ṣe dáadáa sí. Nísàlẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ilé. Àmọ́ tí mo bá sùn, Ìwó ni mo máa ń lá. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí Súnì tó ń pọnmi ní odò Ọbà, ó ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́ ara wọn.

Òfin kan wà nílé Dókítà. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún òkú. Àwọn ará Kòríà sì ń bọ́ òkú wọn, bí ọ̀pọ̀ ará ilé wa náà ti ń ṣe. Ọkùnrin tó ń roko etílé ṣe é fún bàbá rẹ̀, Dókítà mọ̀, ó ní kó máa lọ sílé. Ìyá Súnì ti ṣèrìbọmi, wọn ò sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ọkọ wọn mọ́ nítorí iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ọkọ àwọn á dárí ji àwọn, ó mọ̀ pé ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun.

Ìwé tó mú ìròyìn ikú ìyá mi wá dé ní ìgbà òdòdó, lẹ́yìn tí òtútù lọ. Ìyáàfin ló kà á fún mi. Ibà ló ṣe wọ́n, kò pẹ́. Wọ́n ti sin wọ́n sínú yàrá wọn. Mo bi Ìyáàfin pé ìgbà wo, ó sọ oṣù náà fún mi, mo kà á padà. Gbogbo àsìkò òtútù yẹn, tí mò ń rẹ́rìn-ín, tí mò ń gé gúkúsù, ìyá mi ti wà nílẹ̀.

Ìyáàfin gbàdúrà fún mi, ó ní kí n sinmi. Mi ò lè jẹun. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Súnì wá jókòó tì mí.

“Kí ni ìyá rẹ fẹ́ràn láti jẹ?”

“Iyán,” ni mo wí. “Pẹ̀lú ẹja.”

Mo ṣàlàyé bí wọ́n ti ń gún iyán. Wọ́n ní àwọn náà ní odó, ìrẹsì làwọn máa ń gún, ó ń fà. Mo wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

“Iṣẹ́ yín ńkọ́, Ìyá Súnì? Tí wọ́n bá mọ̀?”

“Iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́,” ni wọ́n wí. “Ìyá rẹ tọ ọ̀nà jíjìn wá wò ọ́, ṣé kí ebi sì máa pa wọ́n?”

Òru ni wọ́n máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n nítorí tèmi, wọ́n ṣe é nírọ̀lẹ́, nílé wọn nísàlẹ̀. Súnì àti èmi gún ìrẹsì. Ìyá Súnì din ẹja, wọ́n se ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ń rùn bí irú, wọ́n bu ìrẹsì gegere. Wọ́n fi ìyẹ̀fun síwájú mi, mo pò ó, mo tẹ́ ẹ, mo gé gúkúsù.

“Wọn ò mọ̀ ọ́n jẹ,” ni mo wí.

“Wọ́n á kọ́ ọ. Ìwọ náà kọ́ ọ.”

Wọ́n to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kékeré. Wọ́n béèrè orúkọ ìyá mi, mo ní Àbẹ̀kẹ́. Ìyá Súnì fi iwájú orí kanlẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́ ará Ìwó tí wọn ò rí rí. Èmi kúnlẹ̀ bí mo ti máa ń kúnlẹ̀ láàárọ̀ nílé wa. “Ìyá,” ni mo wí, “ẹ kú ìrìn. Ẹ bá mi jẹun. Mi ò purọ́ mọ́, mò ń jẹun.” Mi ò tíì sọ Yorùbá sí àgbàlagbà láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Ohùn mi ṣàjèjì sí mi.

Nígbà náà la gbọ́ ẹsẹ̀. Àkànní ti ń ké pè mí nílé, Ìyáàfin bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo tábìlì, ó wo Ìyá Súnì tí wọn ò gbé orí sókè.

“Kí nìyí?”

“Ìyá mi ni mò ń fún lóúnjẹ, Ìyáàfin,” ni mo dá a lóhùn lórí ìkúnlẹ̀. “Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é.”

“Rárá o,” ni Ìyá Súnì wí wẹ́rẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. “Èmi ni.”

Àkànní yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wá jókòó sórí itan mi. Ìyáàfin jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níta.

“A wà ní Ìwó nígbà tí ìyá tèmi kú,” ó sọ ọ́ láìyíjú padà. “Mo ka ìwé náà, mo ṣe é pọ̀, mo fi sínú àpótí, mo lọ wo bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ.”

Nígbà tí ó tó àkókò, Ìyá Súnì bu oúnjẹ orí tábìlì fún gbogbo wa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àṣà wọn, ohun tí òkú bá jẹ kù, alààyè á jẹ ẹ́. Wọ́n na àwo gúkúsù kan sí Ìyáàfin. Mo rò pé kò ní gbà á. Ó gbà á. Ó jẹ ẹ́ níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fọ àwo rẹ̀. Nígbà tí a ń gòkè padà, ó ní, “Dókítà ò gbọdọ̀ gbọ́ o.” Dókítà ò gbọ́. Ìyá Súnì ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Mo lò tó ọdún mélòó kan sí i kí Àkànní tó tó ilé ìwé lọ. Wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ wọn, wọ́n wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó fún mi. Ìyá Súnì ò tẹ̀ lé mi dé èbúté. Wọ́n ní àwọn ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

Ìwó kí mi káàbọ̀, ṣùgbọ́n mo dà bí àlejò. Mo ń bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé, àwọn èwe ń wò mí. Wọ́n fi yàrá tí wọ́n sin ìyá mi sí hàn mí, mo jókòó síbẹ̀, mi ò rí omijé dà. Àwọn kan rí i, wọ́n ní òkè òkun ti gba inú mi lọ.

Ìyá Olúpọ̀nnà, àbúrò ìyá mi tó lọ́kọ sí Olúpọ̀nnà, wá kí mi. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ra ìyẹ̀fun àlìkámà lọ́wọ́ àwọn Hausa lẹ́bàá reluwé, mo pò ó, mo fi ọmọ odó tẹ́ ẹ, mo gé e, mo fi omi adìẹ sè é. Gbogbo agbo ilé yí mi ká. Wọ́n ní ṣé ekòló ni. Ẹnì kan tọ́ ọ wò, ó sá jáde. Ìyá Olúpọ̀nnà nìkan ló jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ gbé e sẹ́nu níkọ̀ọ̀kan.

“Ta ló kọ́ ọ?” ni wọ́n bi mí.

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ti Ìyá Súnì, mo sọ ti òfin ilé Dókítà, mo sọ ti ìrẹsì tí a gún, àti tábìlì, àti bí mo ṣe kúnlẹ̀. Wọ́n gbé àwo sílẹ̀.

“Ọjọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi,” ni wọ́n wí, “a wá ọmọ wọn obìnrin tí yóò kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ wọn, a ò rí. Mo bínú sí ọ. Títí tí mo fi wọlé yìí, mò ń bínú sí ọ. Èmi ò mọ̀ pé o ti kúnlẹ̀.”

Ìgbà yẹn ni omijé tó kọ̀ láti jáde nínú yàrá ìyá mi bọ́. Ìyá Olúpọ̀nnà fi etí aṣọ wọn nù mí lójú. Wọ́n gbé àwo, wọ́n nà án sí mi.

“Bù sí i fún mi,” ni wọ́n wí.